ẸNI TÍ KÒ LÈ PE IYE ỌJÀ RẸ̀, ẸLÒMÍRÀN NI Ó Ń ṢIṢẸ́ FÚN

Àsọyé níwájú àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti àgbègbè wọn

Ẹ kú ọ̀nà jíjìn o, ẹ̀yin tí ẹ ti Èmùré wá, àti ẹ̀yin tí ẹ fi oko kòkó sílẹ̀ ní ìhà odò Ògbèsè láti wá gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ. Ọjọ́ kan tí àgbẹ̀ kò lọ sí oko, owó ni. Nítorí náà n kò ní fi ọjọ́ yín ṣòfò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ kò rí nǹkan kan mú lọ sí ilé nínú rẹ̀, ẹ bi mí léèrè owó iṣẹ́ òòjọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: òwò kékeré kì í kú nítorí pé ó kéré. Ohun tí ó ń pa á ni pé ẹni tí ó ni ín kò ní agbára láti fi ẹnu ara rẹ̀ pe iye tí òun yóò tà á. Ẹni tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń bá a pe iye ọjà rẹ̀, alágbàṣe ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ni oko, òun ni ó ni ìsọ̀, tí agbada tí ó fi ń yan gààrí sì jẹ́ tirẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ilé wa bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére kan kí ó wá fi ìlẹ̀kùn àti òpó ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, títí tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba ìlú mìíràn. Kò ní ẹ̀rọ, kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó kankan kí ó tó mọ iṣẹ́ yìí. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín. Lára ìlẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ àwòrán Ògògà sí, Kábíyèsí jókòó lórí ìtẹ́, òyìnbó aláṣẹ tí àwọn aláàárù gbé wá sì ń bọ̀ wá kí i.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò fi í ta wọ́n lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Kábíyèsí gbà dípò rẹ̀. Wọ́n ṣe ìtẹ́ náà fún un, ìlẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó wà títí di òní. Òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà sì wà ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.

Ẹnì kan lè dìde kí ó sọ pé pàṣípààrọ̀ náà kò dọ́gba, pé ìtẹ́ kan kò tó irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tí ó wà lábẹ́ àkóso ẹlòmíràn kì í sì í gba iye tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ra ọjà ni wọ́n ń wá ohun tí yóò tẹ́ ẹni tí ó ni ọjà lọ́rùn. Èèyàn mélòó nínú wa ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ní ọjọ́ ọjà?

Kí ni ó fún Ògògà ní agbára náà? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, Kábíyèsí kò kánjú. Ebi kò pa á, gbèsè kò sì lé e. Èkejì, ó mọ ohun tí ó ní lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, kò dá dúró. Ìlú kan odindi ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi àwọn ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sí ọkàn, nítorí pé àìsí wọn ni ó ń pa òwò wa.

Ìkánjú ni ó ń ba ọjà wa jẹ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá ti hú ẹ̀gẹ́ kúrò nínú ilẹ̀, kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ wá rà á ní oko mọ èyí dáadáa. Bí ó bá rí i pé ẹ ti hú u, tí ẹ sì ti kó o jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, yóò máa wo òòrùn. Òòrùn ni ó ń bá a ná ọjà yín. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò máa bẹ̀ ẹ́ kí ó san iye tí ó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kan náà tí a bá bó, tí a lọ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a jọ̀, tí a sì yan títí tí ó fi gbẹ dáadáa, lè dúró nínú àpò fún oṣù púpọ̀ láì bàjẹ́. Lóòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni, àti pé nínú ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin, gààrí tí a óò rí kì í ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n gààrí lè dúró de iye tí ó dára, ẹ̀gẹ́ tútù kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìyá tí ẹ rí tí ó jókòó ti agbada nínú èéfín, ẹ má ṣe rò pé oúnjẹ nìkan ni ó ń ṣe. Ó ń ra agbára láti sọ fún oníbàárà pé, “Rárá, n kò tà á ní iye yẹn.”

Kòkó ní tirẹ̀ kò ní irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bí a bá kó èso rẹ̀ jọ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí a sì sá a títí tí ó fi gbẹ, ó lè dúró. Àwa ni a ń fi ìkánjú sí i. Ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ìgbà òjò dé, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dé, oògùn tí a ó fín sí kòkó dé, kòkó fúnra rẹ̀ kò sì tíì pọ́n. Ẹni tí ó ń ra kòkó á yọ sí wa, ojú rẹ̀ á tutù bí ojú àna rere, á ní kí a gba owó kí a fi gbọ́ bùkátà, pé bí a bá ká kòkó kí a wá fi san án. Ní ọjọ́ tí a bá gba owó náà ni a ti ta kòkó tí a kò tíì ká, iye tí ó sì wù ú ni a tà á.

Ẹ rántí ọdún 2024. Ní ọdún náà, iye kòkó ní ọjà àgbáyé gòkè títí tí tọ́ọ̀nù kan fi ju 10,000 dọ́là lọ, irú èyí tí ojú kò tíì rí rí. Àgbẹ̀ tí ó bá ti fi kòkó rẹ̀ ṣe ìdógò kí iye tó gòkè, ṣé ó lè bá wọn jẹ nínú rẹ̀? Òun ni ó gbin igi, òun ni ó ro oko, ejò àti kòríkò sì ni ó bá gbé inú igbó. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ ní ìgbà òjò ni ó jẹ èrè. Nígbà tí ó sì di ọdún 2025, iye náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

N kò sọ pé kí a má yá owó. Kò sí oníṣòwò kan ní ayé tí kì í yá owó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó, kí ó yá owó kí ó sì san owó. Kí ó má ṣe yá owó kí ó fi kòkó san án, nítorí pé ẹni tí ó jẹ gbèsè kò ní ẹnu nígbà tí wọ́n bá ń pe iye.

Èrè ni a ń jẹ, a kì í jẹ ojú owó

Mo wá dé orí ohun kejì, èyí tí í ṣe mímọ ohun tí a ní lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní èrè ni obìnrin ń jẹ ní àbọ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe jẹ èrè bí kò bá mọ ibi tí ojú owó parí sí tí èrè ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan pọ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà òní. Kí a sọ pé ìyá kan ra ẹ̀gẹ́ ₦60,000. Ó san ₦8,000 fún àwọn tí ó bá a bó o, ₦7,000 fún ọkọ̀ tí ó kó o, ₦6,000 fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tí wọ́n sì fi fún un, ₦9,000 fún igi ìdáná, ₦10,000 fún ẹni tí ó bá a yan án, àti ₦2,000 fún àpò. Ó ta gààrí náà ní ₦110,000. Bí ẹ bá bi í léèrè iye tí ó jẹ ní èrè, yóò ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mo jẹ ₦50,000,” nítorí pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó rántí. Ṣùgbọ́n bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦102,000 ni ó ná. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦8,000 péré, a kò sì tíì ka iṣẹ́ ọwọ́ òun tìkára rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ó mú ₦20,000 nínú owó náà san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé inú èrè ni òun ti mú un. Kì í ṣe inú èrè. ₦12,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ojú owó. Nígbà tí ó bá tún padà sí oko, ₦90,000 ni yóò mú lọ́wọ́, kì í ṣe ₦102,000. Yóò ra ẹ̀gẹ́ tí ó kéré sí ti àná, yóò sì máa sọ pé ọjà kò tà. Bí ó bá ṣe irú èyí ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje, òwò ti tán. Yóò wá máa wá ẹni tí ó fi ṣẹ́ òun. Kò sí ẹni tí ó fi ṣẹ́ ẹ. Òun ni ó jẹ ẹ́ láì mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń fi àwọn ìyá wa ṣe ẹlẹ́yà. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ ojú owó rí, mo sì mọ̀wé. Mo ṣí ìsọ̀ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà Àkúrẹ́, mo ń ta ìṣó, páànù àti ọ̀dà. Ọjà ń tà. Àwọn ènìyàn ń wọlé wọ́n ń jáde. Mo ń mú owó nínú àpótí bí mo ti fẹ́, fún ìkómọ, fún ìsìnkú, fún àlejò. Mọ̀lẹ́bí wá, mo fún un ní páànù láwìn, n kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ojú ń tì mí láti mú ìwé jáde níwájú ọmọ ìyá mi. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo wo orí pẹpẹ, mo rí i pé ó ṣófo. Mo kọ́kọ́ fura sí ọmọ tí ó ń bá mi tajà. Mo bá a wí, mo sì lé e lọ. Ìgbà tí mo jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí mo ti mú ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ èmi fúnra mi ni ó kó ìsọ̀ náà lọ. Mo lọ bá òbí ọmọ náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà wá mọ́. Òwò ni mo pàdánù, mo sì ba orúkọ ọmọ aláìṣẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé kan tí kò wọ́n ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ gbogbo èyí.

A máa ń yin ènìyàn pé orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, tí ó gba àjọ ní ọdún mẹ́ta láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san. Ìyìn náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí a máa yin ọkùnrin náà ni pé irú orí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwa tí orí wa kò pé tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó rán ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí ó máa kọ ọ́ ní alaalẹ́: iye tí a rà, iye tí a ná, iye tí a tà, iye tí a mú jẹ, àti ẹni tí ó jẹ wá. Ohun márùn-ún péré ni. Kí a sì ya àpò ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ọjà. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ mú nínú owó ọjà, kọ orúkọ ara rẹ sí ìwé àwọn tí ó jẹ ọjà ní gbèsè.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà

Ohun kẹta ni àìdádúró. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn bàbá yín yóò rántí pé ní ọdún 1937 àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, àti ní Nàìjíríà, bá ara wọn ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní máa bá ara wọn díje mọ́ lórí iye tí àwọn ń rà á. Wọ́n pín kòkó láàárín ara wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Olówó ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n rí i pé àwọn ní láti fi orí kan orí. Àgbẹ̀ tí ó jẹ́ tálákà ni ó dá dúró.

Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ fún wọn. Láti òpin ọdún 1937 títí di oṣù kẹrin ọdún 1938, wọ́n pa kòkó wọn mọ́, wọn kò tà á. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Nigerian Youth Movement, gbé ohùn sókè lòdì sí àdéhùn náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti rán ìgbìmọ̀ kan tí William Nowell jẹ́ olórí rẹ̀ wá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àgbẹ̀ tí ó dá dúró kò lè mú kí Lọ́ńdọ̀nù rán ẹnikẹ́ni wá. Àgbẹ̀ tí wọ́n para pọ̀ ṣe é.

Kí ó tó di ìgbà yẹn ni irúgbìn mìíràn ti wọ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1935, ìjọba ṣe òfin tí ó fi ìdí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù múlẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún 1953, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní báǹkì tiwọn ní Ìbàdàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà dáadáa: alájẹṣẹ́kù. A jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ wà nínú orúkọ kan yìí.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Èésú ti wà ní ilẹ̀ Èkìtì kí òyìnbó tó dé, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun sì gbé e lọ́wọ́ lọ. Ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Ohun tí òyìnbó fi kún un ni ìwé. Ní ọdún 1844, àwọn òṣìṣẹ́ 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dá owó jọ ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn kan kan. Wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà. Wọn kò tajà láwìn, wọn kò fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, wọ́n sì ń pín èrè fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ó ti rà sí. Láti inú ìsọ̀ kékeré náà ni ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti tàn kálẹ̀ gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ tí ó lè má dùn mọ́ àwa ọmọ ẹgbẹ́ nínú

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Ṣé ìjọba kò lè bá wa pe iye náà?” Ìjọba ti ṣe é rí. Láti ọdún 1947 ni ìgbìmọ̀ ọjà kòkó Nàìjíríà ti wà, nígbà tí ó sì di ọdún 1954, Ìwọ̀ Oòrùn ní ìgbìmọ̀ ọjà tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ni ó ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Nígbà tí ọjà àgbáyé bá gòkè, wọn kì í fún àgbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n a fi ìyókù pamọ́. A mọ ohun rere tí ó ti inú owó kòkó jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lè ka ìwé ìròyìn lónìí, àwọn òbí wa ni ó jàǹfààní rẹ̀. Ilé Kòkó tí ó ga fíofío ní Ìbàdàn parí ní ọdún 1965.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ràn láti sọ apá yìí nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n apá kejì wà. Àgbẹ̀ tí ó ṣe owó náà kò jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín in. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1968 àti 1969, owó orí wúwo lọ́rùn wọn, iye kòkó sì kéré lójú wọn, wọ́n dìde ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ní àgbẹ̀ kọ ìyà. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà náà. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ ọjà ká, àgbẹ̀ sì tún padà sí ọwọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ọkọ̀ wọ abúlé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí oníṣòwò bá pe iye fún ọ, alágbàṣe rẹ̀ ni ọ́. Bí ìjọba bá sì pe iye fún ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjọba ọmọ ìyá rẹ, alágbàṣe ni ọ́ síbẹ̀, àfi bí ìwọ náà bá ní àga níbi tí wọ́n ti ń pè é. Ẹgbẹ́ òṣèlú dára, èmi náà wà nínú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú kò lè rọ́pò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìbò ni a ń kà nínú èkíní, owó ni a ń kà nínú èkejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú wá sí ibi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti fọ́ nítorí èyí.

Bákan náà ni ti owó ìrànwọ́. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ₦10,000 ₦10,000 láì gba ìdógò. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kí ẹni tí ó bá gbà á mọ̀ pé àwìn ni, kí ó sì san án. Bí olóṣèlú kan bá sọ fún yín pé ẹ̀bùn ìbò ni, kí ẹ jẹ ẹ́ gbé, ọ̀tá òwò yín ni, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe

Kí a tó túká, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ohun mẹ́rin.

Èkíní, kí ẹni kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ohun márùn-ún tí mo sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé ní yunifásítì tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ yìí, iṣẹ́ yín ni kí ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín kí ẹ kọ́ wọn.

Èkejì, kí ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá tí ó mọ ara wọn, tí ilé wọn kò jìnnà sí ara wọn, bẹ̀rẹ̀ èésú tí ó ní ìwé, kí apá kan nínú owó náà máa dúró, kí a má pín gbogbo rẹ̀ tán. Inú èyí tí ó dúró ni àgbẹ̀ yóò ti máa yá owó ní ìgbà òjò, tí kò fi ní fi kòkó rẹ̀ ṣe ìdógò mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Kí a wọn kòkó wa ní ilé kí a tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń rà á. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í wọlẹ̀ níwájú òṣùwọ̀n ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní abúlé kan pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀rọ ìlọ̀ kan dípò kí wọ́n máa ta ẹ̀gẹ́ tútù. Kí wọ́n má ṣe hú ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò yan án.

Ní ti ìjọba, n kò ní kí wọ́n wá bá wa tajà. Kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe, kí ọkọ̀ lè dé Ìsẹ̀ àti Èmùré nínú òjò. Kí wọ́n sì máa yẹ òṣùwọ̀n àwọn tí ń ra ọjà wò, kí a lè mọ èyí tí ó péye. Bí wọ́n bá ṣe méjèèjì yìí, àwa óò ṣe ìyókù.

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938, Ògògà tí ó gba ìtẹ́ ti wàjà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé wa ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò burú rí. Ìkánjú, àìmọye àti àdádúró ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Bí ẹ bá dé ilé ní alẹ́ òní, kí ẹ tó jẹun, ẹ fa ìwé yọ, kí ẹ kọ iye tí ẹ ná láti wá síhìn-ín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Olódùmarè fi èrè sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.